Ọmọ mi ò tíì bọ́ nínú ìró Bódìjà: ta ló mọ̀ nípa tẹ́rápì fún ọmọdé?

ÌyáMẹ́ta | 3 oṣù Ọ̀wàrà 2024, 10:42 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Mi ò kọ nǹkan síbí rí, kíkà ni mo máa ń kà. Lálẹ́ òní, ọ̀rọ̀ ti kún mi nínú.

Ẹ ó rántí ohun tó bú gbàmù ní Bódìjà n'Ìbàdàn ní ọjọ́ 16 oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún yìí, èyí tí ìjọba ní àwọn tó ń wa kùsà láìgba àṣẹ ló kó ohun abúgbàmù náà pamọ́ sínú ilé kan. Ilé wa ò jìnnà síbẹ̀. Aago mẹ́jọ alẹ́ ò tíì lù. Àjà já lé wa lórí, gíláàsì fèrèsé fọ́ wọlé, eruku bo gbogbo ilé. Kò sẹ́ni tó kú nínú wa, a dúpẹ́. Gíláàsì gé àkọ́bí mi lápá, ọmọ ọdún 8 ni nígbà yẹn. Wọ́n rán an, ojú ọgbẹ́ ti jinná tipẹ́.

Ara ló jinná o. Ó ti lé ní oṣù mẹ́jọ báyìí, ọmọ yìí ò sùn bí ọmọ ẹlẹ́gbẹ́ ẹ̀. Bí àrá bá sán, abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ló ń wọ̀. Bí ẹnìkan bá pa ilẹ̀kùn dé gbàà, á ta gìrì, ara ẹ̀ á máa gbọ̀n. Ó ti pẹ́ tó ti jáwọ́ nínú kó máa tọ̀ sílé, ó tún ti bẹ̀rẹ̀. Yóò to agolo mílíìkì jọ bí ilé, á wó o, á tún un tò, á tún wó o. Kò ní rẹ́rìn-ín, kò ní bínú, ó lè ṣe bẹ́ẹ̀ fún wákàtí kan gbáko. Tíṣà ẹ̀ ní ògiri ló máa ń wò ní kíláàsì. Ọ̀lẹ tún wá dé sí i: iná lásán ò lè tàn, àbúrò ẹ̀ ló ń rán. Mo ti nà án nítorí ẹ̀ rí.

Nínú ilé wa, a kì í sọ̀rọ̀ ọjọ́ yẹn. Bàbá wọn ní kí ẹnikẹ́ni má dárúkọ ẹ̀, kí ọmọ lè gbàgbé. A ti gbàdúrà, a ti gun orí òkè. Kẹ́mísí kan ládùúgbò fún wa ní oògùn oorun, ó sùn lóòótọ́, àmọ́ nígbà tílẹ̀ mọ́, ńṣe ló ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ bí ọ̀mùtí. Ẹnìkan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa wá ń sọ pé tẹ́rápì wà fún irú ẹ̀. Kí gan-an ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀? Ṣé wọn ò ní kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọmọ mi ya wèrè?

Tíṣà Àgbà | 4 oṣù Ọ̀wàrà, 6:15 àárọ̀

Ìyá wa, ẹ kú ìrọ́jú. Ọdún 35 ni mo fi kọ́ ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kí n tó fẹ̀yìn tì, ojú mi ti rí nǹkan. Òótọ́ ni bàbá wọn sọ. Egbò tó ń gbẹ, a kì í máa ṣí i wò. Ẹ mú un lọ sọ́dọ̀ ìyá àgbà ní abúlé fún ìgbà díẹ̀, kó máa sáré kiri, kó máa jẹun. Bó bá dàgbà, á gbàgbé. Ẹ má sì nà án mọ́.

Nọ́ọ̀sì Máńṣẹ́stà | 4 oṣù Ọ̀wàrà, 11:50 àárọ̀

Màmá Tíṣà, mo kúnlẹ̀ o kí n tó fèsì. Ẹ̀ka ìtọ́jú ọpọlọ àwọn ọmọdé ni mo ti ń ṣiṣẹ́ níbí. Egbò tó ń gbẹ lẹ sọ. Èyí ò gbẹ. Ó ti lé ní oṣù mẹ́jọ. Egbò tí èépá bò lójú tí ọyún ṣì wà nísàlẹ̀ ńkọ́?

Ìyá, ẹ fọkàn balẹ̀, ọmọ yín ò ya wèrè. Ẹni tí ejò bá ti bù ṣán rí, bó rí ekòló, á sá. Ara ọmọ náà ṣì ń sá fún ejò ni. Bó bá jẹ́ ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, màá ní kẹ́ ẹ dúró wò ó, torí ọ̀pọ̀ ọmọ máa ń bọ́ nínú ẹ̀ fúnra wọn. Bó bá ti kọjá oṣù kan tí àlá burúkú, ìtagìrì àti sísá fún ohun tó jọ ọjọ́ náà ò dáwọ́ dúró, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń pè é ní PTSD, àìsàn ìpayà tí kò lọ lẹ́yìn ohun tó bani lẹ́rù.

Eré agolo yẹn ló jẹ́ kí n tètè fèsì. Lọ́dún 1976, ní ìlú Chowchilla ní Kalifọ́níà, wọ́n jí ọmọ ilé ìwé 26 gbé pẹ̀lú awakọ̀ bọ́ọ̀sì wọn, wọ́n sì sé wọn mọ́ inú ọkọ̀ kan tí wọ́n rì mọ́ ilẹ̀. Gbogbo wọn jáde láàyè. Àwọn èèyàn ní ọmọdé ni wọ́n, wọ́n á gbàgbé. Dókítà ọpọlọ kan, Lenore Terr, lọ bá wọn, ó sì tún padà lọ wò wọ́n lẹ́yìn ọdún mẹ́rin sí márùn-ún. Wọn ò gbàgbé. Ohun kan tó kọ nípa wọn ni irú eré yìí gan-an: eré kan náà, léraléra, tí kò ní ẹ̀rín nínú. Ọmọ tó ń ṣe é kì í mọ̀ pé ọjọ́ yẹn lòún ń ṣe.

Ti oògùn oorun, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá a dúró lónìí bó bá ṣẹ́ kù. Bó bá jẹ́ pé ojoojúmọ́ ló ti ń lò ó fún ọjọ́ pípẹ́, ẹ kọ́kọ́ bá dókítà sọ̀rọ̀ kẹ́ ẹ tó dá a dúró. Láti ọdún 2013 ni àjọ ìlera àgbáyé, WHO, ti sọ pé kí wọ́n má fún ọmọdé ní irú oògùn bíi Valium nítorí ìpayà. Níbí, ìlànà tí à ń tẹ̀ lé, ti ọdún 2018, sọ pé ká má fi oògùn tọ́jú PTSD ọmọ tí kò tíì pé 18. Ọ̀rọ̀ sísọ ni ìtọ́jú ẹ̀. Ìgbà 6 sí 12 ni ọmọ sábà máa ń wá, òbí ẹ̀ náà á máa wá.

Jagunlabí | 4 oṣù Ọ̀wàrà, 1:07 ọ̀sán

Ọ̀rọ̀ òyìnbó, ọ̀rọ̀ òyìnbó. Àwọn bàbá wa ja ogun Kírìjì ọdún 16, ta ni wọ́n lọ bá ṣe tẹ́rápì? Ọmọ wa ò rí iṣẹ́ ṣe ni ẹ̀rù fi ń bà á. Ẹ rán an lọ kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ lẹ́yìn ilé ìwé.

Káńsẹ́lọ̀ Òkè-Àdó | 4 oṣù Ọ̀wàrà, 4:33 ọ̀sán

Ẹ̀gbọ́n Jagunlabí, ta ló bi àwọn ọmọ tó dàgbà sínú Kírìjì bí oorun wọn ṣe rí? Orúkọ jagunjagun la mọ̀ nínú ìtàn yẹn, a ò mọ orúkọ ọmọ kan.

Ti pé ti òyìnbó ni: àwọn tó gbé oríṣi tó gbajúmọ̀ jù kalẹ̀ ní Amẹ́ríkà, Judith Cohen, Anthony Mannarino àti Esther Deblinger, òyìnbó ni wọ́n lóòótọ́. TF-CBT ni wọ́n ń pè é, ìtọ́jú ọ̀rọ̀ sísọ fún ọmọ tí ohun burúkú ṣẹlẹ̀ sí. Àmọ́ wọ́n ti gbé e dé Lusaka ní Sáńbíà, wọ́n fi tọ́jú ọmọ nínú àwọn 257 tí wọ́n tẹ̀ lé níbẹ̀, àbájáde ẹ̀ sì jáde lọ́dún 2015. Àwọn tó ṣe ìtọ́jú náà kì í ṣe dókítà, kì í ṣe nọ́ọ̀sì. Èèyàn àdúgbò ni wọ́n, wọ́n kọ́ wọn ni, wọ́n sì ń bójú tó wọn. Ara àwọn ọmọ tó gbà á yá ju ti àwọn tó gba ìtọ́jú tó wà tẹ́lẹ̀ lọ fíìfíì. Wọ́n tún ṣe é fún àwọn ọmọ òrukàn ní Moshi ní Tanzania àti Bungoma ní Kẹ́ńyà, ọmọ 640 ló wà nínú ìyẹn. Wọ́n ń kọ́ ọmọ nínú ẹgbẹ́, àwọn alágbàtọ́ náà ní ẹgbẹ́ tiwọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀. Ǹjẹ́ ìyẹn jìnnà sí wa?

Àwa gan-an ti mọ irú ẹ̀ tipẹ́. Nígbà tí dókítà ọpọlọ, Adéoyè Lambo, ń dá ìtọ́jú Aró sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta láti 1954, ó jẹ́ kí àwọn aláìsàn máa gbé ní abúlé àyíká pẹ̀lú ìbátan wọn, ó sì pe àwọn babaláwo mọ́ra. Ẹbí ló fi ṣe òpómúléró. Ìtọ́jú ọmọdé yìí náà, láìsí ẹbí, kò lè lọ.

Ìyá, ẹ béèrè ohun tí wọ́n ń ṣe. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bí a ṣe ń ṣe é. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, a ò ní bi ọmọ léèrè ọjọ́ yẹn rárá. A ó sọ fún un pé ohun tó ń ṣe é ní orúkọ, ó sì ń ṣe àwọn ọmọ mìíràn. Fún ọ̀pọ̀ ọmọ, ìyẹn nìkan ti gbé ẹrù kan kúrò lórí wọn. Lẹ́yìn náà, a ó kọ́ ọ bí ara ṣe ń rọlẹ̀: kó fa èémí sínú, kó wá máa fẹ́ ẹ jáde díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń fẹ́ ẹ̀kọ gbígbóná. A ó kọ́ ọ láti máa fi ìka díwọ̀n ẹ̀rù. Ìka mẹ́wàá, ẹ̀rù ńlá. Ìka kan, kò tó nǹkan. Nígbà tó bá ti mọ bí wọ́n ṣe ń dá ìka mẹ́wàá padà sí mẹ́ta ni ìtàn tó wọlé, òun fúnra ẹ̀ ni yóò sì sọ ọ́, díẹ̀díẹ̀, a ó máa kọ ọ́ sínú ìwé bí orí kìíní, orí kejì. Àwọn kan máa ń yà á ní àwòrán.

Ìlànà mìíràn wà tó ti Yunifásítì Konstanz ní Jámánì wá, tí wọ́n ti lò fún àwọn ọmọ Sòmálíà ní ibùdó Nakivale ní Uganda. Wọ́n á na okùn sílẹ̀, okùn ni ayé ọmọ náà láti ọjọ́ ìbí. Ibi tí ohun burúkú ti ṣẹlẹ̀, á gbé òkúta sí. Ibi tí ohun dáadáa wà, á gbé òdòdó. Mo fẹ́ràn èyí gan-an, torí ọmọ á fojú ara ẹ̀ rí i pé òkúta nìkan kọ́ ló wà lórí okùn náà.

Ẹ lọ sí ẹ̀ka àwọn ọmọdé níbi ìtọ́jú ọpọlọ ní UCH, ilé ìwòsàn ńlá Ìbàdàn. Yunifásítì Ìbàdàn náà ní ibùdó tó ń kọ́ àwọn èèyàn nípa ìlera ọpọlọ ọmọdé àti ọ̀dọ́, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọláyínká Omígbodùn ló ṣaájú ìdásílẹ̀ ẹ̀. Ti orúkọ wèrè tí ẹ ń bẹ̀rù, òfin àtijọ́ tí wọ́n fi ń pe gbogbo aláìsàn ọpọlọ ní wèrè ti kúrò nílẹ̀, oṣù Ṣẹ́rẹ́ 2023 ni wọ́n buwọ́ lu tuntun.

Ọmọ Ọ̀wọ̀ | 5 oṣù Ọ̀wàrà, 9:20 alẹ́

Mo kàn fẹ́ fi tiwa kún un. Ọjọ́ 5 oṣù Òkúdù 2022, ẹ mọ bí àwọn agbébọn ṣe kọlu ṣọ́ọ̀ṣì Francis Mímọ́ nílùú wa. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin wà níbẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, kò sí ṣọ́ọ̀ṣì tó lè wọ̀, àní bó bá gbọ́ agogo, á di etí. Ẹni tó tọ́jú ẹ̀ ò fà á lọ tipátipá. Wọ́n kọ́kọ́ dúró ní òdìkejì títì, wọ́n ń jẹ bisikíìtì. Ọ̀sẹ̀ kejì, wọ́n dé géètì. Ọ̀sẹ̀ kan wà tí wọ́n padà sẹ́yìn, ẹ̀gbọ́n mi bú sẹ́kún, ó ní iṣẹ́ ti bàjẹ́. Kò bàjẹ́. Nígbà tó yá, ọmọ náà fúnra ẹ̀ ló ní kí wọ́n jókòó níjòókòó ẹ̀yìn, ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn. Ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn náà ló ń jókòó dòní, kò sì sẹ́ni tó bi í.

Jagunlabí | 5 oṣù Ọ̀wàrà, 9:58 alẹ́

Ọmọ Ọ̀wọ̀, ẹ kú ara fẹ́ra kù. Mi ò ní sọ̀rọ̀ mọ́ lórí èyí.

ÌyáMẹ́ta | 9 oṣù Bélú 2024, 8:30 alẹ́

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. A ti lọ. Ìgbà mẹ́rin báyìí. Bàbá wọn kọ́kọ́ yarí, ó ní òun ò ní gbé ọmọ òun lọ jókòó sáàárín àwọn tó ń dá sọ̀rọ̀. Ó sìn wá dé ẹnu ọ̀nà, ó rí àwọn ọmọ mìíràn tí wọ́n ń kun àwòrán, ó wọlé, ó jókòó. Láti ọjọ́ náà, kò pa ọ̀sẹ̀ kan jẹ.

Wọ́n ń kọ́ èmi náà. Wọ́n ní bó bá ti tọ̀ sílé, kí n má pariwo, kí n pààrọ̀ aṣọ, kí n sùn. Wọ́n ní kí n má sọ pé "kò sí nǹkan kan" nígbà tí àrá bá ń sán, torí lójú tiẹ̀, nǹkan wà. Kí n sọ pé "àrá ni, mo wà níbí, ìka mélòó?" Èyí nira fún mi o. Ẹnu mi ti mọ́ "kò sí nǹkan kan."

Fífẹ́ ẹ̀kọ yẹn, àbúrò ẹ̀ ọmọ ọdún mẹ́rin ti ń ṣe é nídìí oúnjẹ gbogbo. Ìrẹsì tútù ló ń fẹ́.

Tíṣà Àgbà | 10 oṣù Bélú, 5:50 àárọ̀

Inú mi dùn. Àmọ́ ẹ bá mi bi wọ́n, ṣé nígbà tí wọ́n bá dé ibi ìtàn náà, kò ní ba gbogbo ohun tí wọ́n ti tún ṣe jẹ́? Ohun tó ń já mi láyà nìyẹn.

Nọ́ọ̀sì Máńṣẹ́stà | 10 oṣù Bélú, 7:12 alẹ́

Màmá, ó lè le díẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì, mi ò ní parọ́. Ìdí nìyẹn tí wọn kì í fi í bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀, tí wọn kì í sì í dá ọmọ dúró sáàárín ẹ̀ kó máa lọ sílé. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

ÌyáMẹ́ta | 7 oṣù Ọ̀pẹ̀ 2024, 11:36 alẹ́

Mi ò lè sùn, mo ní láti kọ èyí.

Lónìí ni wọ́n ní kí ọmọ mi ka ìtàn ẹ̀ sí mi létí. Ó ti kọ ọ́ tán pẹ̀lú wọn láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ewé ìwé mẹ́rin, ó fi kíráyọ̀nù ya ilé wa síwájú ẹ̀. Ó ń kà á, ohùn ẹ̀ ò gbọ̀n, èmi ni mo ń gbọ̀n. Ó ka bí a ṣe ń jẹ ẹ̀bà. Ó ka bí ilẹ̀ ṣe ń ṣú. Ó wá kà á pé: "Màmá mi ní kí n lọ tan iná yàrá. Mo tẹ súwíìṣì. Gbogbo ẹ̀ bú."

Ẹ̀yin èèyàn mi. Ọmọ yìí rò pé òun lòún ṣe é.

Ìṣẹ́jú tó fọwọ́ kan súwíìṣì náà ni ìró yẹn dún. Látìgbà yẹn, ó ti gbà nínú ọkàn ẹ̀ pé òun lòún fọ́ Bódìjà, pé òun lòún pa àwọn tó kú. Ọdún ń lọ yípo, ó gbé e kiri, ó ń lọ sílé ìwé, ó ń jẹun. Kò lè sọ fún wa, torí a ti ní kí ẹnikẹ́ni má dárúkọ ọjọ́ náà, ó sì gbà pé ìdí tí a fi ní kó dákẹ́ ni pé a mọ̀, a kàn ń bò ó láṣìírí ni.

Iná tí kò lè tàn. Tí mo pè ní ọ̀lẹ. Tí mo tìtorí ẹ̀ nà án.

Wọ́n ti sọ fún mi tẹ́lẹ̀ pé bí mo bá gbọ́ ohun kan tó le, kí n má sunkún jù, kí n jẹ́ kó mọ̀ pé mo lè gbọ́ ọ. Mo ṣe é, mi ò mọ bí mo ṣe ṣe é. Ẹni tó ń tọ́jú ẹ̀ gbé bébà, ó ní kó ya ibi tí ilé wa wà, kó ya ibi tó bú, kó wá ya wáyà tó ti súwíìṣì wa lọ débẹ̀. Ó gbé pẹ́ńsù, ó wò ó, ó wò ó. Ó ní, "Kò sí wáyà." Lẹ́ẹ̀kan sí i: "Kò sí wáyà kankan níbẹ̀."

Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́ nígbà tí à ń bọ̀. Ó ní kò burú, ṣé mo lè ra gúgúrú fún òun.

Káńsẹ́lọ̀ Òkè-Àdó | 8 oṣù Ọ̀pẹ̀, 6:40 àárọ̀

Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ kọ ọ́. Àwọn ọmọdé sábà máa ń dá ara wọn lẹ́bi, àmọ́ bí a ò bá gbọ́ ọ lẹ́nu wọn, a ò lè mọ èyí tí wọ́n gbà gbọ́.

Tíṣà Àgbà | 8 oṣù Ọ̀pẹ̀, 6:55 àárọ̀

Ọdún 35. Mo ń ronú kan àwọn ọmọ tí mo sọ fún pé "gbàgbé ẹ̀, lọ ṣeré."

Àdùkẹ́_Baṣọ̀run | 20 oṣù Ọ̀pẹ̀ 2024, 3:05 ọ̀sán

Ẹ jọ̀ọ́, mo rí ojú-ewé yìí lórí Google. Àbúrò mi obìnrin, ọmọ ọdún 9, wà níbi àríyá ọmọdé lójú pápá Islamic High School lọ́jọ́rú tó kọjá yìí, níbi tí èrò ti fún mọ́ra, tí ọmọ 35 fi kú. Wọ́n fà á jáde. Kò fara pa, àmọ́ kò sọ̀rọ̀ látàná, ìyá mi sì ń rọ̀ ọ́ pé kó sọ gbogbo ohun tó rí kó lè jáde nínú ẹ̀. Ṣé ká gbé e lọ fún tẹ́rápì lónìí?

Nọ́ọ̀sì Máńṣẹ́stà | 20 oṣù Ọ̀pẹ̀, 4:18 ọ̀sán

Àdùkẹ́, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ọlọ́run ó tu àwọn òbí wọ̀nyẹn nínú.

Kẹ́ ẹ kọ́kọ́ gbé e lọ fún dókítà lónìí kí wọ́n yẹ ara ẹ̀ wò, torí ó lè fara gba nǹkan tí ẹ kò rí. Àmọ́ ẹ sọ fún màmá pé kí wọ́n má fi dandan mú un sọ̀rọ̀. Èyí ló yàtọ̀ sí ti ÌyáMẹ́ta. Ọjọ́ kejì kọ́ ni ìtàn kíkọ. Wọ́n ti dán an wò pé kí wọ́n jókòó ti ẹni tí nǹkan ṣẹlẹ̀ sí lójú ẹsẹ̀, kí wọ́n ní kó tú gbogbo ẹ̀ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Kò ràn wọ́n lọ́wọ́, wọ́n ti ní ká má ṣe é mọ́. Bó bá fẹ́ sọ ọ́, ẹ gbọ́ ọ. Bó bá béèrè ta ló kú, ẹ má parọ́ fún un. Ẹ jẹ́ kó sùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnìkan. Ẹ má fi àwọn fídíò orí WhatsApp yẹn hàn án, ẹ má sì jẹ́ kó rí i lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Bó bá di ìparí oṣù Ṣẹ́rẹ́ tí kò tíì padà sípò, UCH. Bí kò bá jẹun tàbí tó ń sọ pé òun fẹ́ kú, ẹ má dúró rárá.

ÌyáMẹ́ta | 20 oṣù Ọ̀pẹ̀, 9:44 alẹ́

Àdùkẹ́, ẹ kọ sí mi ní kọ̀rọ̀, mo wà ní tòsí yín. Màá wá kí màmá.

ÌyáMẹ́ta | 17 oṣù Ṣẹ́rẹ́ 2025, 7:20 alẹ́

Àná ló pé ọdún kan. Wọ́n ti ní ká múra sílẹ̀ fún ọjọ́ náà, pé ó lè tún le. A bi í ohun tó fẹ́ ṣe, ó ní òun fẹ́ jẹ ẹ̀bà, torí a ò jẹ ẹ̀ tán lọ́jọ́ yẹn. A jẹ ẹ̀bà.

Bángà tí wọ́n ń yìn lásìkò Kérésì dà á láàmú gan-an, ó sun abẹ́ bẹ́ẹ̀dì fún òru méjì. Ó ṣì ń to agolo, àmọ́ ó ti ń fi àwọn kan ṣe ilé epo, ó ń ta epo fún àbúrò ẹ̀, ó ń rẹ́ ẹ jẹ. Kò tíì tọ̀ sílé láti ọjọ́ 2 oṣù yìí. Ti àrá, a ò mọ̀, òjò ò tíì bẹ̀rẹ̀.

Ti súwíìṣì, ibi ìtọ́jú ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe é, ó tẹ̀ ẹ́ ní ìgbà 20, ó ń ka ìka lẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan. Lálẹ́ àná wọ́n mú iná wá, àwọn ọmọ kígbe "Up NEPA!" bí ìṣe wọn, ó sáré dé ibi súwíìṣì yàrá, ó dúró, ó wo ojú mi. Mo ní, "Ìka mélòó?"

Ó ní méjì, ó sì tàn án.

Àdùkẹ́_Baṣọ̀run | 17 oṣù Ṣẹ́rẹ́ 2025, 8:02 alẹ́

Ẹ kú ewu. Tiwa ti ń sọ̀rọ̀, àmọ́ kò fẹ́ wọ ibi tí èrò bá pọ̀, ọjà, ilé ìwé, kò wọ̀ ọ́. Ọjọ́ Ajé la ní pẹ̀lú wọn. Aago mélòó ló yẹ ká ti débẹ̀ kí èrò tó pọ̀?

ÌyáMẹ́ta | 17 oṣù Ṣẹ́rẹ́ 2025, 8:10 alẹ́

Aago méje àbọ̀. Ẹ mú oúnjẹ dání, kẹ́ ẹ sì mú ohun tó fẹ́ràn láti fi ṣeré. Màá dúró dè yín lẹ́nu ọ̀nà.